Ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ jáàkì yẹn sọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ka ohun tẹ́ ẹ gbé jáde lórí bí èèyàn ṣe lè máa tún mọ́tò ara ẹ̀ ṣe nínú gáréèjì ilé, mo gbádùn ẹ̀ gan-an, àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tó kọ mí lóminú, ibi tẹ́ ẹ ti ní kéèyàn ki jáàkì bọ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kó gbé e sókè, kó wọ abẹ́ ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò pé fún mọ́tò kékeré pàápàá, ká má tíì wá sọ jíìpù ńlá àti píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé orí ṣásí, ìyẹn férémù irin tó wà lábẹ́, ni bọ́dì wọn jókòó lé.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Mo fẹ́ yẹ búréèkì ẹ̀yìn jíìpù mi wò, mo fa háńdì-búréèkì, mo fi gíà sí P (ibi páàkì), mo ti jáàkì bọ abẹ́ axle ẹ̀yìn, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀pá ẹ̀ lọ sókè sódò, bí táyà ẹ̀yìn méjèèjì ṣe kúrò nílẹ̀ báyìí ni mọ́tò rọra sún síwájú, kò tiẹ̀ yára rárá, jáàkì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, irin ké lórí irin, gbì, ó ti balẹ̀. Ọ̀pá jáàkì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Páálí tí mo tẹ́ sílẹ̀ tí mo fẹ́ dùbúlẹ̀ lé, abẹ́ ibẹ̀ gan-an ló wà. Ibi tí irin ti họ ọ̀dà kúrò lára axle yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, ó gùn tó ìka mi, gbogbo ìgbà tí mo bá wọ abẹ́ mọ́tò yẹn ni mo máa ń rí i.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fà á. Ní ọ̀pọ̀ irú mọ́tò yìí, táyà ẹ̀yìn ni háńdì-búréèkì ń dì mú. Tẹ́ ẹ bá sì fi gíà sí P, ọ̀pá propeller, ìyẹn èyí tó ń gbé agbára láti gíà lọ sí táyà, ló ń há mọ́ra, tí mọ́tò ò bá sì sí lórí 4x4 (tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń fà á), ẹ̀yìn náà ni propeller yẹn ń lọ. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó ń dá mọ́tò dúró, ẹ̀yìn ló wà, ẹ̀yìn yẹn náà ni mo wá gbé kúrò nílẹ̀! Táyà iwájú kàn ń yí bó ṣe wù ú ni. Kódà tó bá jẹ́ táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo lẹ gbé, P nìkan ò lè dì í, torí diff, ìyẹn gíà àárín axle tó ń jẹ́ kí táyà méjèèjì lè yí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, máa jẹ́ kí èyí tó wà lókè yí sẹ́yìn kí èyí tó wà nílẹ̀ sì yí síwájú. Ẹ̀yin tí jíìpù yín ní lífà 4x4, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń yan 4x4, tí lífà yẹn bá wà ní N (ibi tí kò so gíà mọ́ táyà kankan), ẹ fi gíà sí P títí, kò di nǹkan kan mú o. Torí náà wẹ́ẹ̀jì gidi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi há táyà tó máa wà nílẹ̀, níwájú ẹ̀ àti lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan jáàkì rárá. Kì í ṣe òkúta roboto tẹ́ ẹ ṣà o.

Ibi tẹ́ ẹ máa ki jáàkì sí náà tún lọ́rọ̀. Mọ́tò kékeré ní ibi líle lábẹ́ ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe fún jáàkì, àmọ́ ti jíìpù ṣásí, páànù lásán ló wà níbẹ̀, á kàn tẹ̀ wọlé ni. Abẹ́ ṣásí tàbí abẹ́ axle ni. Tó bá wá jẹ́ ṣásí lẹ fi gbé e, ẹ ṣe sùúrù, torí bí ṣásí ṣe ń lọ sókè ni spring ń na ara ẹ̀, táyà á kàn wà nílẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé ẹ ò tíì ṣe nǹkan kan, ẹ máa fa jáàkì débi tó lè ga dé, táyà ò ní kúrò. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í to pákó lé orí jáàkì, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn. Tí ẹ̀yìn bá ní axle gbọọrọ, abẹ́ axle ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kò ní pẹ́ tí táyà á fi kúrò nílẹ̀, kẹ́ ẹ sá ṣọ́ páìpù búréèkì tó gba orí ẹ̀ kọjá. Èyí tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló fi ń gbéra dípò spring, ẹ kọ́kọ́ pa ètò afẹ́fẹ́ yẹn, kó má lọ máa yí gíga ara ẹ̀ pa dà nígbà tẹ́ ẹ wà lábẹ́ ẹ̀.

Jíìpù Land Cruiser 200 wúwo ju kílò 2,500 lọ kẹ́ ẹ tó di ẹrù sí i. Lóòótọ́ jáàkì kì í gbé gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ ọwọ́ iwájú tí ẹ́ńjìnnì wà wúwo, èmi ò fọkàn tán jáàkì tọ́ọ̀nù 2, tọ́ọ̀nù 3 sókè ni kẹ́ ẹ wá. Síbẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, gbígbé ni iṣẹ́ jáàkì, kì í ṣe dídúró. Rọ́bà kékeré ló há ọ́ìlì mọ́ inú ẹ̀, ọjọ́ tí rọ́bà yẹn bá já, mọ́tò ti ń bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn. Stand, ìyẹn ẹsẹ̀ irin tí wọ́n ń gbé sábẹ́ mọ́tò, ló ń gbé mọ́tò dúró, méjì, lábẹ́ ṣásí tàbí axle, lórí kọnkéré tó tẹ́jú. Búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì kọ́ o, ìyẹn kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára stand náà, nígbà míì ìwọ̀n tó wà níbẹ̀ méjèèjì pa pọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún, kì í ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì yẹ eyín ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń há ọ̀pá ẹ̀ kó má sọ̀ kalẹ̀, wò bóyá ó há dáadáa, torí lọ́dún 2020 Harbor Freight, ilé ìtajà irinṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, pe stand tọ́ọ̀nù 3 àti tọ́ọ̀nù 6 kan tí wọ́n ti tà pa dà nítorí pé eyín ẹ̀ lè yọ kí ó já wálẹ̀ lójijì. Èmi, èyí tó ní irin tí wọ́n ń kì bọ ihò ni mò ń lò báyìí.

Tí mọ́tò bá ti jókòó lé stand, mo máa ń tì í gan-an, pẹ̀lú èjìká, lọ́tùn-ún lósì, nígbà tí ara mi ṣì wà níta. Tó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń dá jáàkì pa dà kó kàn kan abẹ́ ẹ̀ díẹ̀, táyà tí mo tú, mo máa ń tì í bọ abẹ́ ṣásí. Gbogbo ẹ̀ ò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yin olóòtú, ọ̀pọ̀ ọmọdékùnrin tó ń kọ́ mọ́tò ló ń ka ìwé ìròyìn yín, ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni wọ́n máa lọ ṣe. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ti wẹ́ẹ̀jì àti ti stand kún un nínú èyí tó ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọ́tò axle mi tó họ yẹn láti gbé e síbẹ̀, ẹ sọ fún mi, mo máa fi ránṣẹ́.