Jẹ́ Kí Ó Kọ Orúkọ Rẹ Sí I

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí ohun tí o kọ sórí WhatsApp nípa owó tí àwọn ẹbí dá fún ọ nígbà tí o parí high school. O ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ kí o lè fi ra páálí Bowman, ìyẹn káàdì baseball tó ní àwòrán àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù lára, pé bí káàdì ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí o ń retí bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tí ọmọ náà sì fọwọ́ sí i, owó náà yóò di ìlọ́po mẹ́wàá kí o tó jáde ní yunifásítì. Ìyá rẹ kà á, ó ní, "Tẹ́tẹ́ ni," ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì ṣeé sọ lórí fóònù, torí o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

N kò bá káàdì ṣọ̀tá o. Ta ló ń gbé ọ lọ sí pápá Bowie Baysox, ẹgbẹ́ baseball ìlú wa, láti kékeré, nígbà tí èmi fúnra mi kò mọ ìdí tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù fi ń sáré yí ká, tí yóò tún padà síbi tó ti gbéra? Wọ́n ti sọ orúkọ ẹgbẹ́ náà di Chesapeake báyìí, ṣùgbọ́n Bowie ni lẹ́nu mi. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Double-A ni wọ́n wà, àtẹ̀gùn méjì péré ló kù kí wọ́n dé òkè, ìyẹn major league, líìgì tó ga jù, síbẹ̀ èèyàn lè dúró ti irin ẹ̀gbẹ́ pápá kí ó bá wọn sọ̀rọ̀.

Rántí Jackson Holliday. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tí àwọn ẹgbẹ́ major league yàn ní 2022. Ní 2023, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, ó bẹ̀rẹ̀ ní Delmarva, ó gba Aberdeen kọjá, ó dé ọ̀dọ̀ wa níbí, ó sì parí ọdún náà ní Norfolk. Ìpele mẹ́rin láàárín ọdún kan! Orioles, ẹgbẹ́ major league Baltimore tí àwọn ẹgbẹ́ yẹn ń tọ́ ọmọ fún nígbà náà, gbé e sókè ní oṣù kẹrin 2024. Nínú ìgbà 34 tó dúró láti gbá bọ́ọ̀lù, méjì péré ló bọ́ sí i. Oṣù náà kò tíì parí tí wọ́n fi dá a padà sí Norfolk. Ọmọ kan náà ni, káàdì kan náà. Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ nípa rẹ̀ ló yí padà, ohun tí àwọn èèyàn ń sọ yẹn gan-an sì ni ẹni tó bá ra káàdì ọmọ tí kò tíì dé òkè ń fowó rà.

Mo ti wádìí ọ̀rọ̀ Bowman yìí kí o má baà sọ pé Dádì kò mọ nǹkan kan. Topps ra Bowman ní 1956, ó pa orúkọ náà tì, ó tún jí i dìde ní 1989, ó sì wá di ibi tí ọmọ tí kò tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá major league ti ń ní káàdì. Àmì "1st" kékeré tó wà lára rẹ̀ ni gbogbo yín ń lé. Ilé-iṣẹ́ yóò kó káàdì ránṣẹ́ sí ọmọ náà, yóò fọwọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò wá pín wọn sínú páálí káàkiri. Àwọ̀ àti iye tí wọ́n tẹ̀ ló ń ya owó wọn sọ́tọ̀: refractor lásán (káàdì tó ń tàn bí òṣùmàrè) 499, elésè àlùkò 250, aláwọ̀ búlúù 150, aláwọ̀ ewé 99, oníwúrà 50, aláwọ̀ ọsàn 25, pupa 5, superfractor ẹyọ kan ṣoṣo. Ọwọ́ kan náà ló kọ gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ló jókòó tó pinnu iye tí yóò tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í dùn tí o bá sọ pé káàdì kan "ṣọ̀wọ́n," bí ẹni pé Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀.

Mike Trout, ìràwọ̀ ẹgbẹ́ Angels, ló ń da orí gbogbo yín rú. Mo mọ ìtàn náà: superfractor rẹ̀ ti 2009 tó fọwọ́ sí, ẹnì kan rà á ní nǹkan bíi 400,000 dọ́là ní 2018, wọ́n sì tà á ní 3.93 mílíọ̀nù dọ́là ní oṣù kẹjọ 2020. Owó ńlá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ 24 ni wọ́n ti mú kí ó tó kàn án. Angels tó mú un gan-an, Randal Grichuk ni wọ́n kọ́kọ́ mú ní ipò 24, kí wọ́n tó wá mú Trout tẹ̀lé e. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ni láti wo ọmọ o, tí wọ́n ń rin ìlú dé ìlú pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń wọn eré bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gba owó oṣù lórí rẹ̀, ojú wọn fò ó. Kí ni ìwọ rí láti inú dorm rẹ tí wọn kò rí?

Stephen Strasburg ní Washington kò jìnnà sí wa. Wọ́n ta superfractor rẹ̀ kan lórí eBay ní 16,403 dọ́là ní 2010, kí ó tó ju bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ní major league. Ó jáde ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún náà, ìgbà 14 ló fi strikeout (kí ẹni tó dúró má rí bọ́ọ̀lù gbá) lé àwọn tó dojú kọ ọ́ padà sórí bẹ́ǹṣì, ìlú gbóná. Ọdún náà kò parí tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbéra, òun ló gba ẹ̀bùn ẹni tó peregedé jù nínú ìdíje àṣekágbá, World Series 2019, Nationals bá a ṣàdéhùn 245 mílíọ̀nù dọ́là. Lẹ́yìn ìyẹn, ìgbà mẹ́jọ péré ló tún jáde ju bọ́ọ̀lù kí ara tó kọ̀ fún un pátápátá. Ti Brien Taylor burú ju èyí lọ. Yankees ló mú un ṣáájú gbogbo ọmọ ní 1991, wọ́n sì fún un ní 1.55 mílíọ̀nù dọ́là, iye tí wọn kò tíì san fún ọmọ kankan tí wọ́n yàn títí di ìgbà yẹn. Ní oṣù kejìlá 1993 ó ṣe èjìká léṣe níbi ìjà kan. Kò fẹsẹ̀ tẹ major league títí ó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀.

Mo mọ òwe tí o máa fi dá mi lóhùn, torí èmi ni mo kọ́ ọ: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àáké ara ẹni ni wọ́n wí, wọn kò sọ pé kí èèyàn lọ fi èjìká ọmọ ọlọ́mọ la àpáta.

Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n o. Kí ó tó di 2023, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Double-A, bíi ti Bowie yìí, 13,800 dọ́là ni owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún un lọ́dún. Ìgbà tí wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní 2022 ni wọ́n tó rí àdéhùn gbà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tó sọ ọ́ di 30,250. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn àgbàlagbà kan tí a jọ máa ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin yẹn. Wọ́n á gbé fáìlì ńlá dání, káàdì ọmọ kan náà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, wọ́n á máa pariwo "Sign! Sign!" Wọn kò mọ orúkọ ọmọ náà àfi tí wọ́n bá wo ara káàdì. Ọmọ náà mọ̀ pé ọjà ni wọ́n ń fi òun kó. Ìyá rẹ̀ sì lè wà ní ìjókòó ẹ̀yìn wọn. Nítorí irú wọn ni àwọn ọmọ kan ṣe máa ń béèrè pé "Kí ni orúkọ rẹ?" kí wọ́n tó ṣí máàkà.

Ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ràn mi wà. Ìgbà mìíràn tí o bá dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn, ní kí ó kọ orúkọ rẹ sí i, "To Àkànní," kí ó tó kọ tirẹ̀. Mo mọ̀ pé owó káàdì máa ń já wálẹ̀ bí orúkọ ẹni tó gbà á bá wà lára rẹ̀. Ta ni yóò fowó ra káàdì Àkànní? Wá wo ohun tí ọkàn rẹ máa sọ. Bí ó bá gbà, o jẹ́ ẹni tó ń kó káàdì jọ, tìrẹ sì ni títí láé, ì báà jẹ́ pé ọmọ náà di Trout tàbí pé ó padà sílé lọ máa ta mọ́tò. Bí ọkàn rẹ bá kọ̀, oníṣòwò ni ọ́, ìyẹn náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Aṣọ ni Màmá Ìbàdàn fi tọ́ wa ní Gbági. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o rántí pé kò sí ìdì aṣọ kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kò mọ iye tó rà á, kò sì fi owó ilé-ìwé ẹnikẹ́ni nínú wa rajà rí. Bí ìwọ náà bá fẹ́ ṣòwò, kọ ọ́ sílẹ̀: èló ni o rà á, èló ni ilé-iṣẹ́ PSA máa gbà kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n sì dè é mọ́ inú ike, èló ni eBay máa yọ, ta ni yóò rà á, nígbà wo. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o fẹ́ jẹ́ méjèèjì pọ̀: tí ọjà bá tà, o jẹ́ oníṣòwò, tí kò bá tà, o ní o fẹ́ràn baseball.

Ní ti "break" tí o mẹ́nu kàn, tí ẹnì kan á máa tú páálí lórí fóònù, tí ẹ̀yin á ti san owó ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọgbọ̀n sílẹ̀, tí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá jáde á lọ lọ́wọ́ òfo: ìyá rẹ ló jàre. Má ṣe é.

Bí o bá bi mí, káàdì tí èmi ìbá wá kiri kò ní ju owó oúnjẹ ọ̀sán lọ. Demi Orimoloye. Èkó ni wọ́n bí i sí, ìtòsí Ottawa ní Kánádà ló dàgbà sí. Brewers mú un ní ìpele kẹrin ní 2015, wọ́n sì fi í ṣe pààrọ̀ pẹ̀lú Blue Jays ní 2018 láti gba Curtis Granderson. Kò dé major league. Ṣùgbọ́n rò ó wò, kí olóhùn gbohùngbohùn máa pe Ọrímólóyè láàárín pápá ní Wisconsin! Tàbí Gift Ngoepe, ọmọ South Africa, tí Pirates mú ní 2008. Ó wà ní minor league, àwọn líìgì ìsàlẹ̀, títí di ọjọ́ 26 oṣù kẹrin 2017, ọjọ́ tó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ ní major league. Jon Lester ló ju bọ́ọ̀lù sí i, ó sì gbá a ní ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró. Ẹni tó gba ìfọwọ́sí rẹ̀ nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì rántí ohun tí wọ́n jọ sọ, ìyẹn ló ní nǹkan lọ́wọ́ lójú tèmi.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi fẹ́ kí o gba ìfọwọ́sí níwájú rẹ. Ayédèrú pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. FBI ṣe ìwádìí kan ní àwọn ọdún 1990 tí wọ́n pè ní Operation Bullpen, wọ́n ya wọ ilé àwọn tí ń ṣe ayédèrú ní 1999. Ọwọ́ wọn ba bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n kọ orúkọ Mother Teresa sí. Mother Teresa! Àwọn kan sì ti ń fowó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbọ́dọ̀ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ra èyí tí ilé-iṣẹ́ káàdì fúnra rẹ̀ fọwọ́ sọ̀yà lára rẹ̀, tàbí èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ayẹ̀wò bíi PSA, JSA tàbí Beckett ti yẹ̀ wò. Ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń tajà tẹ̀ fúnra rẹ̀, bébà lásán ni.

Lọ ní kété tí wọ́n bá ṣí géètì. Pitcher tí kò ní ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà ló máa ń ráyè jù. Ẹni tó ń lọ múra, fi í sílẹ̀. Pe orúkọ rẹ̀, sọ "please," káàdì kan tó. Káàdì tó ń dán máa ń ní òróró lójú tí inki á fi ṣù jọ, nítorí náà rọra fi òwú gbígbẹ nu ún kí o tó kúrò nílé. Sharpie búlúù ni kí o mú. Jẹ́ kí ó gbẹ kí o tó tì í bọ inú ọ̀rá, má sì gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ẹni tó bá jìnnà, kọ lẹ́tà sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ, kí o fi àpòòwé tí o ti kọ àdírẹ́sì rẹ sí, tó sì ti ní sítáǹpù, sínú rẹ̀.

Mo máa fi 200 dọ́là ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ná an bó ṣe wù ọ́, n kò ní béèrè. Ìyókù wà ní báǹkì títí tí o fi máa fi ìwé ìṣirò tí mo sọ yẹn hàn mí. Àwọn káàdì tí o fi sílẹ̀ ní basement, mo ti gbé wọn lọ sí wọ́dùróòbù òkè nítorí ọ̀rinrin. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí o máa jẹun. Pè wá lọ́jọ́ Àìkú tí o bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí o sì sọ orúkọ ọmọ tí o ń retí yẹn fún mi, torí nínú gbogbo ohun tí o kọ, o kò dárúkọ rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ