Lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ bọ́ kakí sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tó ti Jámánì wá dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó jókòó láti dá ọ lóhùn. Inú mi dùn pé ara rẹ le, àti pé àwọn ọmọ wà ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan tí o kọ sí ìparí rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. O ní ọdún kẹsàn-án rẹ gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ológun Amẹ́ríkà ti ń parí lọ, o fẹ́ bọ́ kakí sílẹ̀, ṣùgbọ́n o kò mọ ẹni tí yóò gbà ọ́ síṣẹ́, nítorí pé òfin àwọn ológun nìkan ni o mọ̀. Èmi náà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún tí mo kúrò. Mo fẹ́ fi gbogbo ọkàn sọ fún ọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, kí n sì sọ ibi tí ìṣòro gan-an wà fún ọ, nítorí ìṣòro wà, ibi tí o ń wò kọ́ ló kàn wà ni.

Wo ohun tí o ti ṣe ná. Kò tíì pé ọdún méjì tí a jọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò ológun ní Charlottesville tí wọ́n fi gbé ẹjọ́ tó wúwo lé ọ lọ́wọ́, tí ìwọ fúnra rẹ ń pe ẹlẹ́rìí, tí o ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí ẹgbẹ́ kejì, tí adájọ́ sì ń wo ojú rẹ fún èsì, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó lọ sí iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò ńláńlá ṣì ń to ìwé jọ fún ọ̀gá wọn, tí wọn kò tíì lanu sọ̀rọ̀ ní kóòtù rí. O ti gbèjà ọmọ ogun tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn. O ti kọ ìwé ìhágún fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sójú ogun lọ́jọ́ kejì, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá rẹ ti pè ọ́ láàárín òru pé ṣé òfin gba òun láyè láti ná owó ìjọba sórí ohun tó fẹ́ ṣe, o sì ní láti sọ fún un pé rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ohun tí wọn yóò wò bí ìgbéga rẹ bá kàn. Ẹni tó ti ṣe gbogbo ìyẹn kò lè sọ pé òun kò mọ iṣẹ́.

Ọ̀nà tí o fẹ́ tọ̀ yìí kì í sì ṣe ọ̀nà tuntun. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1775, nígbà tí George Washington, olórí ogun Amẹ́ríkà nígbà náà, ń fẹ́ agbẹjọ́rò fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀, William Tudor ni wọ́n yàn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti kọ́ṣẹ́ òfin lábẹ́ John Adams. Kò tó ọdún mẹ́ta tí Tudor fi fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, tó sì padà sídìí iṣẹ́ agbẹjọ́rò alágbádá ní Boston. Ẹni àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga wa gan-an ti rin ìrìn tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń rántí jù ni Charles Swift, agbẹjọ́rò ọmọ ogun ojú omi. Ní ọdún 2003, àṣẹ ni wọ́n pa fún un pé kó lọ gbèjà Salim Hamdan, ọmọ Yemen tó ti jẹ́ awakọ̀ Osama bin Laden, tí wọ́n tì mọ́ Guantánamo, ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn ológun Amẹ́ríkà ní Cuba. Swift kò yan Hamdan, Hamdan kò sì yan Swift. Wọ́n bá ẹjọ́ náà dé Kóòtù Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà, ní oṣù Kẹfà ọdún 2006 sì ni adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́jọ tó gbọ́ ọ sọ pé ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti dá irú Hamdan lẹ́jọ́ kò bá òfin mu. Kò pẹ́ sí i tí Swift gbọ́ pé wọn kò gbé òun ga, ìwọ náà sì mọ̀ pé nínú ètò tiwa, ẹni tí kò bá gòkè mọ́ yóò máa lọ sílé. Ó kúrò ní ọdún 2007, ó sì lọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Emory. Síbẹ̀, nígbà tí ìgbẹ́jọ́ Hamdan bẹ̀rẹ̀ ní Guantánamo ní ọdún 2008, Swift wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alágbádá. Àṣẹ ló kọ́kọ́ so àwọn méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, wọ́n fọwọ́ ara wọn yan ara wọn.

Ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Nínú kakí, oníbàárà kì í yàn wá. Wọ́n gbé wa lọ sí ọ́fíìsì kan, ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ni tiwa, ìbáà jẹ́ ọ̀gá tàbí ọmọ ogun tó wọlé lánàá. Bí ìmọ̀ràn wa kò bá dùn mọ́ wọn, wọn yóò padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí kò sí ibòmíràn tí wọn yóò lọ. Lọ́dọ̀ àwọn alágbádá, oníbàárà lè dìde.

Èmi rí èyí ní oṣù kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Obìnrin kan tó ní iléeṣẹ́ kékeré tó ń ṣàtúnṣe ẹ̀rọ wá bá mi pé ìjọba gbé iṣẹ́ kan fún ẹlòmíràn lọ́nà tí kò tọ́. Irú ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dáadáa. Mo ti wà ní apá ìjọba nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Mo fi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé fún un bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé fún ọ̀gá ológun: ohun tí òfin sọ, ibi tí ewu wà, ohun tí mo dámọ̀ràn. Ó gbọ́ mi tán, ó dúpẹ́, ó kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì gbé ẹjọ́ náà fún agbẹjọ́rò mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Nígbà tí ọ̀gá mi bi mí pé kí ni mo bi obìnrin náà léèrè, mo rí i pé n kò bi í ní nǹkan kan. N kò bi í pé èló ló lè ná sórí ẹjọ́ náà. N kò bi í pé ṣé ó ṣì fẹ́ bá iléeṣẹ́ ìjọba yẹn ṣòwò lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí pé kí ló ń bà á lẹ́rù. Ìmọ̀ràn mi tọ̀nà, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè kí n tó sọ̀rọ̀.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu ni àkókò. Ní iléeṣẹ́ agbẹjọ́rò, ìṣẹ́jú mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń ka iṣẹ́, ìdá mẹ́wàá wákàtí kan, kí wọ́n lè mọ iye tí oníbàárà yóò san. Àwa tí a ti máa ń jókòó ti ọmọ ogun tó ń sunkún títí omijé yóò fi gbẹ lójú rẹ̀, láìwo aago, ó nira fún wa láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé a fi ìṣẹ́jú méjìlá tu ènìyàn nínú. Ó mọ́ mi lára nígbà tó yá, àmọ́ n kò ní purọ́ fún ọ pé ó yá kánkán.

Nípa ìwé tí o fi ń wáṣẹ́, èyí tí o fi ránṣẹ́ sí mi, jọ̀wọ́ tún un kọ pátápátá. Ní ìjókòó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mi àkọ́kọ́, ọkùnrin kan bi mí pé ṣé adájọ́ ni mo jẹ́, nítorí ó rí "Brigade Judge Advocate" lórí ìwé mi. Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mo kọ ọ́ pé èmi ni agbẹjọ́rò àgbà fún àjọ kan tó ní òṣìṣẹ́ bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, mo ń gba olórí rẹ̀ nímọ̀ràn lórí àdéhùn, ìbáwí òṣìṣẹ́ àti ìnáwó. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n báyìí ẹni tó ń kà á lè fojú inú rí i. "Trial Counsel" tí o kọ síbẹ̀, kọ ọ́ pé agbẹjọ́rò tó ń fẹ̀sùn kan ọ̀daràn ní kóòtù, kí o sì sọ iye ẹjọ́ tí o fi ẹnu ara rẹ rò dé ìparí.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mójú tó, nítorí òun ló máa ń dá àwọn ènìyàn wa dúró jù. Ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ti tó wa láti rojọ́ ní kóòtù ológun níbikíbi lágbàáyé, bí ilẹ̀kùn ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ sì máa ń bọ́ lọ́kàn wa. New York lè gba agbẹjọ́rò tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún nínú ọdún méje tó ṣáájú wọlé láìṣe ìdánwò, bí ìpínlẹ̀ tó ti wá náà bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún tiwọn. Florida kì í gba ẹnikẹ́ni báyìí. Ìdánwò ni dandan. California náà ní ìdánwò tirẹ̀ fún àwọn tó ti jẹ́ agbẹjọ́rò níbòmíràn. Mo mọ ẹlẹgbẹ́ wa kan tó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Florida lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá nínú kakí, tó sì padà jókòó ka ìwé ìdánwò bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí owó ń tán lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ fẹnu kò lórí ìpínlẹ̀ tí ẹ ó gbé kí o tó kọ ìwé ìfipòsílẹ̀ rẹ. Òfin ní kí o bẹ̀rẹ̀ ètò ìmúrasílẹ̀ fún ìkúrò ó kéré tán ọjọ́ 365 ṣáájú. Lo ọdún yẹn fún èyí.

Ibi tí iṣẹ́ wà pọ̀. Ọ́fíìsì àwọn agbẹjọ́rò ìjọba àpapọ̀ fẹ́ràn ẹni tó ti dúró ní kóòtù, kìkì kí o rántí pé níbi tiwa, bí ènìyàn mẹ́fà bá fọwọ́ sí i nínú àwọn ológun mẹ́jọ tó jókòó gbọ́ ẹjọ́, a ti dá olùjẹ́jọ́ lẹ́bi, ṣùgbọ́n níbẹ̀, àwọn aráàlú méjèèjìlá tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Òfin àdéhùn ìjọba, tí o kà sí iṣẹ́ tó ń súni, ni àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ń wá kiri jù, nítorí ìwọ mọ bí ìjọba ṣe ń ronú. Bákan náà ni ẹjọ́ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì tí wọn kò rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Mo mọ ọkàn rẹ, mo sì rò pé ibẹ̀ ni yóò ti balẹ̀ jù.

Ṣe ìṣirò owó dáadáa pẹ̀lú. O kò ní rí owó ìfẹ̀yìntì gbà lọ́dún kẹsàn-án, nítorí ogún ọdún ni wọ́n ń kà, ṣùgbọ́n bí o bá wọ Reserve, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun tí kì í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, tí o sì parí ogún ọdún náà níbẹ̀, ọdún rẹ kò ní ṣòfò, wọn yóò sì máa san án nígbà tí o bá tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún. Ní ti gbèsè ilé ẹ̀kọ́ rẹ, tí o bá wà nínú ètò ìdáríjì fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, sísan owó oṣooṣù nígbà 120 ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó dárí ìyókù gbèsè jì ọ́, o sì ti súnmọ́ ọn. Tí o bá bọ́ sí iléeṣẹ́ aládàáni báyìí, ìkà yẹn yóò dúró. Tí o bá lọ síbi iṣẹ́ ìjọba, yóò máa lọ. Má jẹ́ kí oṣù díẹ̀ gba irú àǹfààní ńlá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹjọ́ tàbí àdéhùn tí o fúnra rẹ ṣe fún ìjọba, o kò gbọ́dọ̀ padà wá ṣojú ẹlòmíràn níwájú ìjọba lórí rẹ̀ láéláé. Gba ìwé tó ṣàlàyé òfin yìí lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn ìwà ọmọlúàbí ní ọ́fíìsì rẹ kí o tó kúrò, kí o sì má ṣe ṣojú oníbàárà kankan níwájú ìjọba àpapọ̀ nígbà tí o bá wà ní ìsinmi ìkẹyìn rẹ ṣáájú ọjọ́ ìkúrò, nítorí ológun ni o ṣì jẹ́ títí ọjọ́ yẹn yóò fi pé.

Fi ìwé tí o bá tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Èmi yóò kà á bí ẹni tí kò wọ kakí rí, gbogbo ibi tí kò bá yé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni n ó sì fi pẹ́ńsù pupa yí po. Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.