Sí ẹ̀yin ọmọ tó ń gun dẹ́kìn ya ìpolongo ìbò

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ń gbé kámẹ́rà kiri Adó-Èkìtì,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ewu. Ayàwòrán tí olóṣèlú gbé wá ló ń gba iwájú pèpéle. Ẹ̀yin tẹ́ ò lẹ́nìkan níbẹ̀, dẹ́kìn ilé tí wọn ò tíì parí tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ló kàn yín.

Ẹ kọ́kọ́ wo oòrùn. Wọ́n á ní aago mẹ́wàá, aago mẹ́rin ni olùdíje á tó gba máíkì. Bí pèpéle bá kẹ̀yìn sí ìwọ̀-oòrùn, ojú olùdíje á dúdú bí ìdí ìkòkò. Ojú yẹn nìkan ni kẹ́ ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi +1 sí +2 kún ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ yàn. Ọ̀run á funfun báláú. Ẹ jẹ́ kó funfun. Ìbò gómìnà wa ní 2014 àti 2022 bọ́ sí oṣù kẹfà, ti 2018 sí oṣù keje. Lásìkò náà, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lórí wa. Ẹni tó bá fi oòrùn oṣù kìíní, tó máa ń wà ní gúúsù, wá ibi ìdúró, ó ti ṣì í. Òjò náà ń bẹ níbẹ̀: ẹ mú ọ̀rá dání.

Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé. Dẹ́kìn ò ní ògiri létí, ẹni tó sì ti ki ojú bọ kámẹ́rà kì í mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ń sún. Ẹ fi ìṣísẹ̀ méjì sílẹ̀ létí, kẹ́ ẹ ṣọ́ irin òpó tó yọrí sókè. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ǹsì níbẹ̀; ìdérí tó bá já bọ́, orí ìyá elẹ́pà ló ń lọ.

Ti ọkọ̀ tó gbé jẹnẹrétọ̀ tún yàtọ̀. Ẹ má gbé ìgbọ̀nwọ́ lé irin rẹ̀, gbígbọ̀n ẹ̀rọ náà á gba apá yín wọ inú fọ́tò. Ẹ tẹ orúnkún díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé ìyára ṣọ́tà kámẹ́rà dé 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá. Lórí dẹ́kìn, 1/500 tó.

Láti mítà 40, lẹ́ǹsì 200mm lórí kámẹ́rà full frame (èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó fíìmù 35mm) á gba nǹkan bíi mítà méje pèpéle. Gbogbo àwọn àgbààgbà tó tò síbẹ̀ lẹ máa rí, ẹ ò ní rí omijé lójú ẹnì kan. Ẹ má fi ọjọ́ yín lé olùdíje. Ohun tí òkè mọ̀ ọ́n yà ni èrò. Lẹ́ǹsì gígùn láti ìsàlẹ̀ máa ń ki èèyàn pọ̀, ọgọ́rùn-ún méjì á dà bí ẹgbẹ̀rún; òkè kì í purọ́ báyẹn, àlàfo tó wà lẹ́yìn kánópì á hàn kedere. Ẹni tó san owó iṣẹ́ lè má fẹ́ ẹ. Ẹ yà á pẹ̀lú lẹ́ǹsì 24 tàbí 35 kó tó di pé ìpolongo bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tún un yà lẹ́ẹ̀kan síi nígbà tí olùdíje bá ń sọ̀rọ̀.

Kánópì pupa tàbí aláwọ̀ ewé á kun ojú èèyàn. Aṣọ ìnujú funfun tẹ́ ẹ bá yà lábẹ́ òjìji kan náà lẹ máa fi tún àwọ̀ ṣe nílé.

Kí olùdíje tó parí ọ̀rọ̀ ni kẹ́ ẹ sọ̀kalẹ̀, torí àtẹ̀gùn onípákó kan ṣoṣo ló máa ń wà, èrò á sì ya bo ìdí rẹ̀. Ẹ ti yọ káàdì tó kún sínú ìbọ̀sẹ̀ ná. Èyí tó wà nínú kámẹ́rà ni ẹni tó bá fẹ́ gba fọ́tò yín máa kọ́kọ́ béèrè.