Lẹ́tà sí Bàbá lórí ijó orí yìnyín

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo rí ìbéèrè yín gbà lórí ijó orí yìnyín tí ọmọ-ọmọ yín fẹ́ sọ di iṣẹ́. Ẹ ní ṣé ọkùnrin yóò máa jù ú sókè bíi tàwọn tí ẹ rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni. Rárá o, ìdíje ọ̀tọ̀ nìyẹn. Nínú tirẹ̀, ọkùnrin kò gbọdọ̀ na apá tán lókè orí láti fi gbé e dúró. Gbígbé kúkúrú kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá 7 lọ. Èyí tí wọ́n so méjì pọ̀ kò gbọdọ̀ ju 12. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á yọ máàkì 1.

Ẹsẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Irin abẹ́ bàtà wọn kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n gbẹ́ àárín rẹ̀ wọnú, ó wá ku etí méjì, etí inú àti etí òde. Orí ọ̀kan ni oníjó ń dúró. Ẹ wo ìyípadà tí wọ́n ń pè ní rocker, tí oníjó fi ń yí ojú padà sẹ́yìn lórí ẹsẹ̀ kan: bó bá fi etí òde wọ̀ ọ́, etí òde náà ló gbọ́dọ̀ fi jáde, bó tilẹ̀ ti kẹ̀yìn síbi tó ń lọ. Bí irin bá yẹ̀ sórí etí kejì, kì í ṣe rocker mọ́, máàkì á sì wálẹ̀. Fídíò ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rín músẹ́ kò lè bò ó.

Twizzle ló ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ẹsẹ̀ kan ni wọ́n fi ń yí wìrìwìrì, wọ́n sì ń sún lọ, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwúwo ara bá sún sí gìgísẹ̀, yíyí náà á dúró, ẹsẹ̀ kejì á kanlẹ̀.

Ìdí irin abẹ́ bàtà wọn kúrú ju tàwọn eléré yìnyín tó ń fò sókè lọ, kí wọ́n má baà máa tẹ irin ara wọn. Bí wọ́n bá pọ́n ọn tán, kí ẹnì kan fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó tọ́ dábùú rẹ̀. Bó bá dagun, etí kan ga ju èkejì lọ, ọmọ náà á sì máa dá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lẹ́bi lásán. Kí wọ́n má pọ́n ọn lọ́jọ́ ìdíje o.

Ijó méjì ni wọ́n ń jó: rhythm dance, tí wọ́n ti yan irú orin rẹ̀ fún gbogbo wọn, bí ìṣẹ́jú 2 àti àáyá 50, àti free dance, tí wọ́n fúnra wọn ń yan orin rẹ̀, bí ìṣẹ́jú 4.

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò bá a jó ló le jù. Bí onítọ̀hún bá fi í sílẹ̀, ó di kó tún wá ẹlòmíràn, kí wọ́n sì kọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Níbi ìdíje àgbáyé, ó tó kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń ṣojú fún. Ní Òlíḿpíìkì, tó gba ijó yìí wọlé ní 1976, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Ọ̀pọ̀ ló ti dára títí, tí ìwé ìlú sì dá wọn dúró. Bó bá pè yín, ẹ bi í pé páásípọ́ọ̀tù wo lẹni tó fẹ́ bá jó ní.

Ẹ bá mi kí Màmá.

Ọmọ yín