Lẹ́tà sí Rónkẹ́: inú rírun tó ń dé láàárọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé

Rónkẹ́ ọ̀wọ́n,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìwọ àti Bàbá Tómi, ẹ kú làálàá ọmọ.

O ní inú máa ń run Tómi láràárọ̀, pé ó máa ń bì nígbà míì, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní kó dúró sílé, kó tó di aago mẹ́wàá á ti máa ṣeré. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé irọ́ ló ń pa. Inú yẹn ń run ún lóòótọ́. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, oúnjẹ ò ní dà dáadáa nínú ikùn mọ́, èébì á sì máa gbé e.

Síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Tí ìrora bá ń jí i lóru, tó bá ń rù, tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí inú ń run ún ní Sátidé àti nígbà ọlidé bákan náà, ẹ má kà á sí ẹ̀rù lásán. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè nílé-ìwé: ṣé àwọn ọmọ kan ń yọ ọ́ lẹ́nu ni? Ṣé ìwé kíkà ló le fún un? Ṣé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ ni kò lè lò? Àwọn òbí kì í sábà rántí béèrè ìyẹn.

Tí kò bá sí èyíkéyìí níbẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ̀yin náà ń ṣe. Mi ò dá yín lẹ́bi o. Bó o bá ti ní kó dúró sílé, ẹ̀rù á lọ lójú ẹsẹ̀, ọkàn tìẹ náà á balẹ̀. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni pé sísá ló gba òun là. Lọ́la, ẹ̀rù náà á tètè dé, á sì le ju tàná lọ, torí kò tíì dúró pẹ́ tó láti rí i pé ẹ̀rù máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Eli Lebowitz, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, fi ṣètò ìtọ́jú kan tó jẹ́ pé òbí nìkan ni wọ́n ń kọ́, ọmọ ò ní yọjú rárá. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2020, lórí ọmọ 124 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 7 sí 14, ìtọ́jú yìí kò rẹlẹ̀ sí èyí tí wọ́n ń bá ọmọ fúnra rẹ̀ ṣe.

Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ gbogbo ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń mú kẹ́ ẹ ṣe sílẹ̀: sísùn tì í, pípe olùkọ́, dídáhùn “ṣé ẹ máa wá mú mi?” ní àìmọye ìgbà. Ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tó ń wáyé lójoojúmọ́. Ẹ sọ fún un nírọ̀lẹ́ tí ara tù ú, kì í ṣe láàárọ̀ tójú ń kán gbogbo yín: “A mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ gan-an, a sì mọ̀ pé o lè fara dà á. Láti ọ̀la, ẹ̀ẹ̀kan la máa dáhùn ìbéèrè yẹn.” Ẹ má yọ ìkankan kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o lè fara dà á nìkan lẹ sọ, á rò pé ẹ ò rí ìyà tó ń jẹ òun. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀rù nìkan, ẹ ti bá a fọwọ́ sí i pé nǹkan wà tó yẹ kóun sá fún.

Ti ilé-ìwé, ẹ tò ó bí àtẹ̀gùn. Kó wọ yunifọ́ọ̀mù dé ẹnu géètì ní Sátidé. Kó wọ kíláàsì tó ṣófo. Kó jókòó fún iṣẹ́ kan. Kó dúró di ìgbà tí wọ́n máa ń jáde lọ ṣeré. Kó lo odindi ọjọ́. Kó fi òǹkà 0 sí 10 sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe bà á lẹ́rù tó, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí 3 tàbí 4. Bí ẹ̀rù bá gòkè dé 8 níbẹ̀, ẹ má tíì kúrò. Ẹ dúró kó wálẹ̀ sí bíi 4. Ẹ tún un ṣe títí á fi sú u, kẹ́ ẹ tó gun èyí tó kàn. Bó bá wà nílé lákòókò ilé-ìwé, kò sí tẹlifíṣọ̀n, kò sí fóònù, iṣẹ́ kíláàsì ni.

Kí nǹkan tó sàn, igbe á kọ́kọ́ pọ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ nígbà náà, ohun tó máa kọ́ ni pé igbe kékeré ò tó, kóun fi kún un. Bàbá rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ máa sọ pé rárá kí ìyá àgbà máa sọ pé ó dáa ní kọ̀rọ̀. Ẹ jọ fẹnu kò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bó bá sọ pé ì bá sàn kóun kú, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà bóyá ó ń rò ó láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ sì kó oògùn àti ohun mímú bí ọ̀bẹ kúrò nítòsí.

Ìwọ ńkọ́? Ìparí lẹ́tà lo fi í sí, bí ẹni tí kò kà á sí, pé o ò rí oorun sùn, pé kò sóhun tó ń dùn mọ́ ọ mọ́. Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ ìsoríkọ́, ó sì ní ìtọ́jú. Lọ rí dókítà tàbí onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ná, torí ẹni tí kò sùn kì í lè dúró ti irú igbe tí mo sọ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá kọ ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn tán, fi ránṣẹ́ sí mi kẹ́ ẹ tó bá Tómi sọ ohunkóhun. A óò jọ yan èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bísí