Ìjì nìkan kọ́ ló pa Derna

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Àwọn tó ń di ẹ̀bi omíyalé tó pa ìlú Derna, ní Líbíyà, ru ojú ọjọ́ nìkan kò tíì sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìjì Daniel rọ òjò mìlímítà 414 sí Al-Bayda, ìlú kan ní agbègbè náà, láàárín wákàtí 24. Ṣùgbọ́n dáàmù méjì ló já. Abu Mansour tó wà lókè lè gba omi kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 22.5, ti ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ìlú, kò ju mílíọ̀nù 1.5 lọ. Bí tòkè bá ti já, kí ni tìsàlẹ̀ fẹ́ ṣe? Amọ̀ ló wà nínú wọn, òkúta ni wọ́n kó bò ó. Bí omi bá ti ń gba orí irú dáàmù bẹ́ẹ̀ kọjá, yóò gbá òkúta lọ, amọ̀ á sì ṣí sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Tọ́kì kan gba iṣẹ́ àtúnṣe àwọn dáàmù náà ní 2007. Ogun 2011 lé wọn lọ. Lẹ́yìn náà, ìjọba di méjì, owó epo ni wọ́n ń dù. Onímọ̀ kan kìlọ̀ nípa àwọn dáàmù náà ní 2022, wọn ò dá a lóhùn. Lálẹ́ tí omi dé, kónílé-ó-gbélé ni wọ́n pa láṣẹ! Ó yẹ kí wọ́n ra fèrè ìkìlọ̀ àti ọ̀pá ìwọn omi ṣáájú ohun ìjà.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn