Ẹ Má Tíì Dá Jíàbọ́ọ̀sì Lẹ́bi

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mẹkáníìkì ni mí ní Ìsọ̀kùn, níbí ní Iléṣà. Àwọn ọmọ wa tó ń wa mọ́tò ọlọ́wọ́ jíà ló mú mi kọ̀wé. Wọ́n á yọ fúláíwíìlì tó bá mọ́tò wá, ìyẹn irin rọ́bótó wíwúwo tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí, wọ́n á fi èyí tó fúyẹ́ àti kílọ́ọ̀ṣì tuntun sí i, kí mọ́tò lè máa yára dáhùn. Bó bá wá ń gbọ̀n, wọ́n á ní jíàbọ́ọ̀sì ti kú, ó di ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó láti ra tokunbọ̀ mìíràn. Mo ti rí jíàbọ́ọ̀sì tí kò lárùn kankan tí wọ́n sọ nù. Ọmọ òṣómàáló ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí Ìjẹ̀ṣà tó gbowó padà lọ́wọ́ ẹni tó ta tokunbọ̀ fún un.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ìgbà wo ló ń gbọ̀n? Ẹ dúró sójú kan, ẹ fi jíà sí fírìì, kẹ́ ẹ réèsì ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Bí kò bá gbọ̀n níbẹ̀, tó jẹ́ pé eré mọ́tò ló ń tẹ̀lé, jíà yòówù kẹ́ ẹ wà, táyà tàbí ṣáàfù ni kẹ́ ẹ lọ yẹ̀ wò.

Bó bá gbọ̀n lójú kan, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀. Díísìkì kílọ́ọ̀ṣì á dá wà pẹ̀lú jíàbọ́ọ̀sì, àmọ́ fúláíwíìlì àti pressure plate (àwo irin tó máa ń tẹ díísìkì mọ́ fúláíwíìlì) ṣì ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Bí ariwo tó dà bí òkúta nínú agolo bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ wo BMW E46 ọlọ́wọ́ jíà: alápá méjì ni fúláíwíìlì rẹ̀, síp­íríǹgì wà láàárín tó ń gbé ìjà ẹ́ńjìnnì mì. Ẹ wá yọ ìyẹn, ẹ fi irin kan ṣoṣo tó fúyẹ́ sí i. Eyín jíà ló kù tí yóò máa jẹ ìyà náà. Oògùn rẹ̀ tó dájú jù ni kẹ́ ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà.

Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ṣì ń gbọ̀n, tó ń le sí i bí ẹ ṣe ń réèsì, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹ sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ lójú kíráǹkì, ọ̀pá ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń de fúláíwíìlì mọ́, ti tó láti jẹ́ kí fúláíwíìlì jókòó wọ́. Ẹ wo àwọn píìnì tó ń mú pressure plate jókòó sáyè rẹ̀, ẹ wo bóòtù bóyá wọ́n dì í dọ́gba. Bí píìnì bá gbà, ẹ tú pressure plate, ẹ sún un sí ihò tó kàn. Bí gbígbọ̀n náà bá yí padà, ìwọ̀n wọn ni kò dọ́gba. Ẹ gbé méjèèjì lọ bá ẹni tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ara fúláíwíìlì ni apá kan irin tó ń mú wọn yí dọ́gba wà. Ford V8 302 ti 1968 ń lo irin ìmúdọ́gba tí wọ́n ń pè ní 28 áúnsì, Mustang 5.0 ti 1985 ń lo 50. Ẹni tó bá gbé tọ̀hún fún tibí, gbígbọ̀n ló rà yẹn. Síìtì ẹ́ńjìnnì tó ti já náà a máa sọ kékeré di ńlá.

Èmi ò rí ìwúlò fúláíwíìlì fífúyẹ́ lọ́nà tiwa, kí n má parọ́. Ẹ kó ẹrù, ẹ dúró lórí òkè lọ́nà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, kẹ́ ẹ fi fúláíwíìlì fífúyẹ́ gbéra: ẹ́ńjìnnì á kú mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Ta ló ń sáré ìje níbí gan-an?

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń tà á: kí wọ́n tó gbowó, kí wọ́n jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ pé ariwo ń bọ̀.

Èmi ni,
Mẹkáníìkì Ìsọ̀kùn,
Iléṣà.